Omi Inú Ilẹ̀ Kaladánì

Ogun tó parí lẹ́nu ìjọba kì í tètè parí nínú ẹni tó jà á. Tìrìmísíyù Láwàl ti bọ́ aṣọ sójà tipẹ́, ó ti padà sídìí ọkọ̀ ojú omi tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ẹ̀pẹ́, ó ti gbé ìyàwó, ó ti bí Mùlíkátù, síbẹ̀ ará ìlú kò yé pè é ní Sájẹ́ńtì, òun náà kò sì yé jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 1950, nígbà tí ọ̀sà fà tí oòrùn sì ń yan ènìyàn bí àgbàdo, ara ọkùnrin náà kò lélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Á tú okùn ọkọ̀, á tún un so. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù títí ológbò á fi wá wò ó.

Rédíò ọ̀gá òyìnbó ilé-iṣẹ́ pákó ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní Íńdíà àti Pàkísítánì, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ kan náà kí wọ́n tó fà á ya bí aṣọ, ti ń kó ọmọ ogun lọ sí ààlà wọn ní ilẹ̀ Púńjábù, pé bóyá ni ogun kò ní bẹ́. Ta ni ọ̀rọ̀ Púńjábù kàn ní Ẹ̀pẹ́? Ká sọ tòótọ́, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀ bóyá èèyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tàbí irú ẹja kan. Ṣùgbọ́n ọmọ Púńjábù méjì ni Tìrìmísíyù ní lọ́rẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì sì ń gbé etí ọ̀sà yìí.

Ọ̀kan ń jẹ́ Kátárì Síńgì, onírùngbọ̀n dẹ̀ǹdẹ̀, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó jáde láìwé láwàní. Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní ilé-iṣẹ́ pákó ní Ẹ̀pẹ́. Èkejì ni Gùlámù Rasúlù, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, tó ń tún lọ́rì ṣe ní Ẹjìnrìn. Abúlé kan náà ni wọ́n ti wá, Kótì Bẹ́lá lorúkọ rẹ̀. Odò kan ni wọ́n ti kọ́ ìwẹ̀, èdè kan ni wọ́n ń sọ, àwọn ìyá wọn a máa yá ara wọn níná. Bọ́mà ni Tìrìmísíyù ti mọ̀ wọ́n, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Púńjábù àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa jọ ń bá àwọn Jàpáànì wọ̀jà ní àfonífojì Kaladánì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pínyà ló sọ fún wọn pé bí ayé bá yí padà fún yín, ẹ béèrè Ẹ̀pẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán lòun sọ.

Ayé yí padà lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà, Kótì Bẹ́lá bọ́ sọ́wọ́ Íńdíà, oko abúlé náà sì bọ́ sí òdìkejì. Wọ́n lé gbogbo Mùsùlùmí ibẹ̀ kúrò, wọ́n pa bàbá Gùlámù lójú ọ̀nà. Àbúrò Kátárì lóbìnrin, tí wọ́n gbé níyàwó sí ìlú kan tó ti di Pàkísítánì, kò dé ilé mọ́, wọn kò sì gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di òní. Kátárì ló kọ́kọ́ wá Ẹ̀pẹ́ wá. Gùlámù dé lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnì kejì ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tìrìmísíyù, ọ̀kan tutọ́ sílẹ̀, èkejì kẹ̀yìn sí i, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ lọjọ́ tí Ṣẹ̀rífátù ìyàwó Tìrìmísíyù ń se oúnjẹ fún onírùngbọ̀n, ọ̀tọ̀ lọjọ́ tó ń se fún ẹnì kejì.

Wàyí o, lẹ́yìn ìròyìn rédíò náà, Kátárì wá bá a ní èbúté. Ó ní, "Sájẹ́ńtì, gbé mi dé Èbúté Ìkòròdú. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, kí n wá ọkọ̀ òkun lọ ilé. Bàbá mi jẹ iyọ̀ ìjọba, èmi náà jẹ ẹ́; lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ iyọ̀ ọ̀gá kan kò gbọdọ̀ dà á. Ogun dé, n kò lè máa pa ẹ́ńjìnnì lépo níbí." Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Gùlámù náà fi ránṣẹ́ láti Ẹjìnrìn: kí Sájẹ́ńtì wá fi ọkọ̀ gbé òun, òun ń lọ sójú ogun. Íńdíà ni Kátárì fẹ́ jà fún, Pàkísítánì ni Gùlámù; ẹnì kan kò sì mọ̀ pé ẹnì kejì ń lọ.

Ẹ óò ní, kí ló kan Tìrìmísíyù? Ó kàn án ju bí ẹ ti rò lọ. Ní Kaladánì, wọ́n dó ti àwọn mẹ́ta yìí lórí òkè kan, nínú kòtò kan náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kú tán láyìíká wọn, oúnjẹ tán, omi sì kù sínú ìgò Tìrìmísíyù nìkan. Ibẹ̀ ló ti gbẹ́ ihò kékeré sínú ilẹ̀ amọ̀, tó da omi náà sí i, tó ju awẹ́ obì kan sínú rẹ̀, tó sì búra pé, "Ẹni tó bá gbé ohun ìjà sí ẹnì kejì rẹ̀ nínú àwa mẹ́ta, ilẹ̀ ni yóò pa á. Ẹni tó bá sì rí i tí kò dí i lọ́nà, ilẹ̀ náà ni yóò pa òun pẹ̀lú." Ó dojú bolẹ̀, ó mu. Gùlámù mu, Kátárì mu. Nígbà tó dé ilé, ààfáà bá a wí kíkankíkan pé ìwà kèfèrí ni, ó sì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sígbà tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìbúra náà kò dè é mọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ń bá ilẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni a óò kọ́ nìyẹn?

Ó pe ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ọ̀hún kò ju òun, Ṣẹ̀rífátù, àti Adéyọ̀sí lọ. Ìlàjẹ ni Adéyọ̀sí, apẹja, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jọ wọ Bọ́mà, wọ́n jọ bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún," ni Adéyọ̀sí fi bẹ̀rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n máa lọ, Sájẹ́ńtì. Ogun wọn ni."

"Ìwọ ò mu níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ fi fẹ́rẹ́."

"Ó dáa. Ká gbé àpótí wọn pamọ́."

"Sójà tó ń lọ sógun, àpótí lo fẹ́ fi dá a dúró? Ìwọ tó o fi pátá nìkan sá kúrò nínú àgọ́ lọ́jọ́ kan?"

Adéyọ̀sí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tìrìmísíyù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tún dìde dúró, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ṣẹ̀rífátù tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbé ojú sókè.

"Bàbá Mùlíkátù, ẹ jókòó kí n wí tèmi. Àkànní, a-bọ́-lójú-ogun-má-bọ́-lójú-àlá, ẹ jókòó." Ó jókòó. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ lẹ̀yin. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn baba ńlá yín ti tẹ̀ lé ọba wọn sá wá láti Èkó, títí di òní wọ́n ṣì ń pè yín ní àlejò. Nígbà tí ẹ wá tọrọ mi, ṣé bàbá mi ò ní òun ò lè fi ọmọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn? Kí ló mú wọn gbà?"

"Mo gbé wọn lọ ọjà Ẹjìnrìn."

"Inú ọkọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yin àti àwọn nìkan, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ní ilẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, èèyàn á wọlé ti ìlẹ̀kùn. Lójú omi, ibo ló fẹ́ gbà? Ẹ gbé àwọn ọ̀rẹ́ yín sínú ọkọ̀ kan náà."

"Wọ́n á para wọn," ni Adéyọ̀sí wí.

"Ojú rẹ̀ ni wọ́n á ṣe é o, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò. Tìrìmísíyù fi tirẹ̀ kún un: ó mọ ibì kan kí wọ́n tó dé Báyékù, tí iyanrìn ga lábẹ́ omi tó jẹ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá fà, ọkọ̀ tó bá gorí rẹ̀ kò ní kúrò títí omi òkun yóò fi padà wọlé. Ibẹ̀ ni òun yóò dó tì wọ́n sí, bí àwọn Jàpáànì ṣe dó tì wọ́n nígbà kan.

Òun àti Kátárì sun Ẹjìnrìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gùlámù gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté, ó rí láwàní nínú ọkọ̀, ó dúró gbagidi.

"Sájẹ́ńtì, kí lèyí?"

"Ọkọ̀ ni. Tó ò bá wọ̀ ọ́, fi ẹsẹ̀ rìn."

Gùlámù wo ọ̀nà, ó wo omi. Ìgbéraga kò jẹ́ kó padà. Ó wọlé, ó jókòó sí iwájú pátápátá, ó kẹ̀yìn sí wọn. Kátárì náà yí ojú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Tìrìmísíyù wà láàárín pẹ̀lú ọ̀pá ọkọ̀, ó ń tù ú lọ.  Oòrùn ń gòkè, àwọn ẹyẹ funfun ń wò wọ́n láti orí igi àwọn apẹja. Nígbà tí ọkọ̀ fi ìdí gba iyanrìn tó sì dúró, ó ṣe bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu.

"Omi fà," ló wí. "Ibí la máa wà."

Ó fi ọ̀pá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń rò láti Ẹ̀pẹ́. Ó rán wọn létí òkè Kaladánì. Ó ní bí ìjọba bá fún wọn ní iyọ̀ jẹ, òun fún wọn ní ilẹ̀ mu, ilẹ̀ sì ju iyọ̀ lọ. "Àwa mẹ́ta la jọ mulẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀hún lẹ ń lọ yin ara yín níbọn yìí? Ojú ò tì yín?"

Gùlámù yíjú. "Mulẹ̀? Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Omi tí a mu nínú ihò! Ìbúra ni!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn wá, àwọn ọmọ Kótì Bẹ́lá méjèèjì wo ojú ara wọn. Kátárì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀ fún olóòkú.

"Sájẹ́ńtì, òùngbẹ ló ń gbẹ wá. Nínú ẹgbẹ́ ogun wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tí Mùsùlùmí fi ń mu omi, ọ̀tọ̀ ni tiwa. Wọn kì í fi ẹnu kan tiwa, àwa náà kì í fi ẹnu kan tiwọn. Lọ́jọ́ yẹn, ìgò kan ló kù, èmi àti òun ń kú lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu kan ibi tí ẹnu ẹnì kejì ti kàn. Ìwọ wá gbẹ́lẹ̀, o da omi sí i. Ilẹ̀ kì í ṣe ife ẹnikẹ́ni. A ní, háà, ọkùnrin yìí gbọ́n ju gbogbo ọ̀gá wa lọ!"

"Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún bàbá mi," ni Gùlámù wí. "Ó rẹ́rìn-ín títí. Kí wọ́n tó pa á nìyẹn."

"Ìbúra tí mo wá fi ẹnu sọ ńkọ́?"

"Yorùbá lo fi sọ ọ́. A rò pé Bìsìmílà ni."

"Obì ńkọ́?"

"Oògùn ibà," ni Kátárì dáhùn.

 Láti Kaladánì títí dé orí iyanrìn yìí, ẹ̀rù ti ń ba Tìrìmísíyù nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti ń gbé ẹrù ẹni mẹ́ta, kò sì sí ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀. Inú bí i. Ojú tì í. Ó dùn ún débi pé ó fẹ́ sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin.

"Nítorí náà, èmi nìkan ni mo búra."

Ó fa àjẹ̀ méjì yọ nísàlẹ̀ ọkọ̀.

"Kò burú! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Kí lẹ ń sanwó ọkọ̀ òkun sí? Ẹ jà á níbí! Omi ò kọjá orúnkún!" Ó ju àjẹ̀ kan sí iwájú ọkọ̀, ó ju èkejì sí ẹ̀yìn.

Àwàdà inú ìbínú ló ṣe, ṣùgbọ́n ìjà ti ń wá ibi tí yóò gbà jáde tipẹ́. Gùlámù ní ibojì ìyá òun ni òun fẹ́ lọ rí ní Kótì Bẹ́lá, òun kò sì lè wọ ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe pẹ̀lú ìbọn. Kátárì ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, ilé bàbá òun ni. Ṣé ìyẹn náà ló fẹ́ fi ìbọn wọ̀? Gùlámù béèrè ẹni tó jókòó wo iná nígbà tí ilé tiwọn ń jó. Kátárì béèrè àbúrò rẹ̀. Kí Tìrìmísíyù tó mọ̀, wọ́n ti wà nínú omi, àjẹ̀ ti gbéra. Ó bẹ́ sí àárín wọn. Àjẹ̀ Kátárì bà á lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan fò jáde, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀. Ìjà náà parí síbẹ̀, kò pẹ́ ju ká sọ ọ́ lọ.

"Kí lo wá ṣe láàárín wa?" ni Gùlámù pariwo.

"Mo ti búra," ni Tìrìmísíyù dáhùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán. "Ẹ̀yin ni ẹ ò búra."

Wọ́n mú un jókòó sí etí ọkọ̀. Gùlámù fi omi ọ̀sà fọ ẹnu rẹ̀, Kátárì ya lára láwàní rẹ̀ kí ó fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wọn. Tìrìmísíyù kò gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ orúkọ àwọn èèyàn, ó ń gbọ́ Kótì Bẹ́lá, Kótì Bẹ́lá. Wọ́n pariwo, wọ́n sunkún, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà kan. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí ọkọ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, Ṣẹ̀rífátù, orí rẹ pé.

"Ẹ ti parí ẹ̀?" ló béèrè.

"A ti parí ẹ̀," ni Gùlámù wí. "A ṣì ń lọ. Ẹni tó ti jẹ iyọ̀ kò ní sá. Ṣùgbọ́n a ti fohùn ṣọ̀kan: bí ilẹ̀ bá ṣú lójú ogun, tí a ò rí ẹni tó wà níwájú, a ó kígbe Kótì Bẹ́lá. Bí ẹnì kejì bá wà nínú kòtò lọ́hùn-ún, á ju ìbọn sílẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè."

"Ìbọn kì í gbọ́ orúkọ."

"Ohun tí a lè ṣe nìyẹn, Sájẹ́ńtì."

Àwọn méjèèjì ló ti ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn, èjìká wọn kan ara wọn. Wọ́n gba àjẹ̀, wọ́n sì jọ wà á. Ọwọ́ wọn bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi ń sáré ju ti ìgbàkígbà lọ, Tìrìmísíyù jókòó láàárín pẹ̀lú ẹnu wíwú, wọ́n ń gbé ara wọn lọ sógun. N kò mọ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Èbúté Ìkòròdú, èrò ti kún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Èkó dé ẹnu, àwọn obìnrin elẹ́ja ń jà du àyè agbọ̀n.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló kù o!" ni ọkùnrin tó ń gba èrò sọ. "Alájì, àbí ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ta ló ń lọ nínú yín?"

"Máa lọ," ni Kátárì wí fún Gùlámù. "Èmi á wọ ti ọ̀la."

Wọn kò dì mọ́ra. Gùlámù fi ọwọ́ kan ibi tí ẹnu Tìrìmísíyù ti wú, ó wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ṣí. Kátárì dúró sí etí pákó èbúté, ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí: aṣọ sójà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tó kù fún un láyé. Ọkọ̀ náà ti jìnnà díẹ̀, tí a kò dá ojú mọ̀ dáadáa mọ́, kí ohùn kan tó ti inú rẹ̀ ké jáde:

"Kótì Bẹ́lá!"

Ọwọ́ Kátárì méjèèjì fò sókè. Kò rò ó. Àpótí ré kúrò lórí, ó lu pákó, ó ṣubú sínú ọ̀sà gbàmù, omi sì gbé e mì. Kò wò ó. Ó dúró bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ lókè orí. Àwọn elẹ́ja rò pé ó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó dàbọ̀ ni, àwọn náà bá a juwọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ, ọkùnrin kan fi aṣọ bo ojú.

"Sájẹ́ńtì," ni Kátárì wí nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "N kò rán ọwọ́ yìí níṣẹ́. Òun ló dìde."

"Mo rí i."

"Ọwọ́ tó ń ṣe báyìí, kò ní yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Gbé mi padà." Ó tún wí pé, "Nílé, wọ́n á ní mo jẹ iyọ̀, mo sì sá."

 Inú Tìrìmísíyù dùn, ó sì bà jẹ́, nítorí ẹnì kan ló dá dúró, ẹnì kan ti lọ, ìbúra tirẹ̀ sì tún ń tẹ̀ lé ẹni tó lọ náà. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó rọra fà á sílẹ̀, ó mú un wọ ọkọ̀. Atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, Tìrìmísíyù sì ta ìgbòkun.